Ariwo Ọ̀fọ̀ Ni Àpótí Yín Gbọ́

Tèmítáyọ̀, Àbẹ̀ní mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọkọ̀ ti gbé ọ kúrò ní Odòde lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ, tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tí mò ń juwọ́ sí ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ìjọ ló fà mí lápá pé kí á máa lọ, pé oòrùn ti ń mú. Ní ọjọ́ kejì ni mo padà sí abà. Àwọn èèyàn ní kí n dúró sí Odòde fún ìgbà díẹ̀, pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ máa dá gbé láàárín oko kòkó. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n abà ni bàbá rẹ wà, iwájú ilé níbẹ̀ ni a sin ín sí gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbé.

Ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí, kì í ṣe fóònù. O mọ̀ pé kí n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abà, àfi kí n gun orí àpáta, bí mo bá sì débẹ̀ tán, mo ti gbàgbé ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe wọ́. Ọmọ Ìyá Ìjọ tó ń padà sí Àbújá ni yóò bá mi mú un wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́ Àìkú ló fà á. O ní ọ̀gá rẹ ti fi ọ́ sí iṣẹ́ àyẹ̀wò àyíká tí wọ́n ń ṣe nítorí àwọn fáànù ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé sórí òkè ẹ̀yìn abà wa, èyí tí afẹ́fẹ́ yóò máa yí láti mú iná mànàmáná jáde. O ní ìwọ ni yóò kọ apá ti ariwo, nítorí pé ọmọ Ìdànrè ni ọ́. Inú mi dùn, ó sì dùn mí pé bàbá rẹ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni o bi mí pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní abà wa?"

O ní àpótí tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa fi hàn pé ibẹ̀ ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ sì ní bí ibì kan bá ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, ohùn fáànù kò ní hàn níbẹ̀ púpọ̀, wọ́n lè gbé e sún mọ́ ilé. Mo yára dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ariwo wà. N kò fẹ́ kí iṣẹ́ tuntun bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí fóònù ṣe já nìyẹn. Mo sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá rẹ, mo sì fetí sílẹ̀. Táyọ̀, kò sí ariwo kankan. Ẹyẹ kan ń ké, odò kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀, ó tán. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú, kò sì tíì tò títí di òní.

Jẹ́ kí n sọ bí àpótí náà ṣe débẹ̀, nítorí o ti padà sí Àbújá lẹ́yìn ìsìnkú nígbà náà, o kò sì tíì sí lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ló gbé e wá láti ọ́fíìsì yín. Nígbà tí wọ́n rí àwọn èèyàn nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń ṣe mí ní pẹ̀lẹ́, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n fẹ́ padà. Ìyá Ìjọ ló ní kí wọ́n má padà lásán, pé ẹni tó rìn dé inú igbó yìí ti jìyà tó. Wọ́n gbé e ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ohun tó ń dún níbẹ̀ tọ̀sán tòru, wọn yóò sì padà wá gbé e.

Ìyá Ìjọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ohun tó bá gbọ́ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní wọ́n fẹ́ mọ bí ìró ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó kí fáànù tó dé. Ní tòótọ́, ọmọ náà sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìjọ ṣe gbọ́ ọ ni pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka èèyàn: ibi tí ohùn bá ti pọ̀ ni ìjọba yóò ti mọ̀ pé èèyàn pọ̀, ibẹ̀ ni iná yóò kọ́kọ́ dé. Láti ọjọ́ náà, tí àwọn obìnrin ìjọ bá ti wá kọrin fún mi ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ àpótí ni ó ń tò wọ́n sí.

"Ẹ sún mọ́ ọn," ni yóò máa wí, "kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ń bẹ níbí."

Ẹnu ibi tó ń gbọ́ràn lára àpótí náà gan-an ni ó ti ń mi agogo. Ìyá Sọ́ńdè tí kò lóhùn orin ní tirẹ̀, ó ní àtẹ́wọ́ ni òun yóò fi ṣe tòun, ó sì ṣe é débi pé ọwọ́ rẹ̀ pupa. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Bí wọ́n bá lọ tán, òjò yóò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yóò gba ọ̀rọ̀ ní àfonífojì, odò yóò sì máa lu àpáta bí ẹni ń bínú. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, èmi náà yóò lọ jókòó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn láti sunkún, kí àwọn tó wá tù mí nínú má baà gbọ́ mi nínú ilé.

Ohun tí àpótí yín gbọ́ nìyẹn, Àbẹ̀ní. Ariwo ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí abà wa ṣe máa ń dún nìyẹn.

N kò sọ pé kí o bá wọn jà. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mo fẹ́ fáànù náà tàbí n kò fẹ́ ẹ. Bàbá rẹ fẹ́ ẹ. Ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wó o lulẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ rí, ẹ jẹ́ kó wá ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ tó ti jẹ. Bí mo bá ní kí wọ́n má gbé e wá, ṣé kì í ṣe ọkọ mi ni mò ń ta kò nígbà tí kò lè fèsì? Bí mo bá sì dákẹ́, ṣé ohun tó fẹ́ ni mo ṣe, àbí mo kàn dákẹ́ ni? Mo ti gbàdúrà sí i. Mo ti bi Ìyá Ìjọ, ó ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbààwẹ̀, ebi pa mí, kò sí èyí tó yé mi sí i.

Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi rí nìkan ni mo lè fi kìlọ̀ fún ọ. Mú èyí tó bá wúlò nínú rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ni a lọ wo yàrá ní Odòde. Yàrá náà mọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, àdúgbò sì dákẹ́ bíi pé gbogbo ayé ń sùn. A san owó lójú ẹsẹ̀, a kó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, inú wa ń dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń ro ẹ̀kọ lórí iná nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ata ló wà lẹ́yìn ògiri náà! Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Onílé wa rẹ́rìn-ín, ó ní yóò mọ́ wa lára. Ó mọ́ wa lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, màmá mi wá kí wa, ó sì bi mí pé, "Kí ló dé tí ò ń jágbe mọ́ ọkọ rẹ báyìí?" N kò mọ̀ pé mò ń jágbe. Bí mo ṣe kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun méjì ni mo kọ́. Èkíní, ọjọ́ tí o bá lọ gbọ́ ibì kan kọ́ ni gbogbo ọjọ́ ibẹ̀. Àkókò òjò ni àpótí yín wá. Ẹ jẹ́ kó padà wá nínú ọyẹ́, nígbà tí odò bá fà, tí ọ̀pọ̀lọ́ bá sùn, tí èèyàn lè gbọ́ ewé kòkó kan tó ń já bọ́. Ìgbà yẹn ni fáànù yóò dá dún. Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé yóò mọ́ wọn lára, má kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ bíi pé ìdáhùn ni.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti Rájì. O mọ Rájì, ó máa ń gbé ọ kọ́rùn nígbà tí o kéré. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo fẹ́ kí o lè sọ nípa rẹ̀ fún wọn. Láti Ìsẹ́yìn ló ti wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ń bá wa ṣe oko kòkó, a sì ń pín èso rẹ̀ lọ́dọọdún. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì àfonífojì, níbi tí a ti ń rí páànù ilé wọn láti ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá rẹ a máa fi í ṣẹ̀sín pé Yorùbá tó ń sọ dà bí ẹni ń ka Bíbélì fún wa, Mùsùlùmí tí í ka Bíbélì. Òun náà yóò ní ti ará Ìdànrè dà bí ẹni tí omi gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Láràárọ̀, kí bàbá rẹ tó bọ́jú, yóò jáde síta, yóò ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, yóò sì pè é pé, "Rájì, ilẹ̀ mọ́ o." Ohùn náà yóò gba ara àpáta kọjá. Rájì yóò jẹ́ ẹ láti ọ̀hún pé, "Ó mọ́ wa o, Bàbá Táyọ̀. Ṣé ẹ jí?" Nígbà mìíràn bàbá rẹ yóò ní, "N kò jí, òkú ló ń pè ọ́." Wọn yóò rẹ́rìn-ín, oníkálùkù yóò sì mú àdá rẹ̀. Mo máa ń bínú sí àwàdà yẹn.

N kò tíì sọ bí àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí fún ọ tán. Nígbà tí o béèrè, mo ní ó ṣubú ni. Bó ṣe rí rèé. Mò ń dáná lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná, mo rò pé bàbá rẹ ṣì wà lórí ibùsùn. Kò sí nínú ilé. Ó ti lọ wo kòkó tí a sá, ibẹ̀ ló sì ṣubú sí, láìpariwo. Rájì ń retí ìpè lọ́hùn-ún, kò gbọ́ ọ. Òun wá pe bàbá rẹ. Mo gbọ́ ọ, mo rò pé bàbá rẹ yóò jẹ́ ẹ. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń sáré bọ̀ láti inú àfonífojì, láìwọ ẹ̀wù, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyá Táyọ̀, Bàbá dà?"

Àwa méjèèjì la jọ rí i. Ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó wo Rájì lójú, ó ní, "O pẹ́." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tún sọ nǹkan mìíràn.

Bí Rájì kò bá wá, òkú tútù ni ǹ bá bá nídìí kòkó. Mo ti rò ó títí. Ohun tí Rájì gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé àpótí yín lè wọn ìyẹn, Táyọ̀? Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, mò ń béèrè ni nítorí n kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti fi ibi tí fáànù kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí hàn wá nínú àwòrán ilẹ̀, ní ìpàdé tí wọ́n pè wá sí ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀kan wà lórí àpáta tó wà láàárín ilé wa àti ti Rájì. Mo bi ẹnjiníà tó ń ṣàlàyé pé báwo ni yóò ṣe dún. Ọmọ rere ni, ó tẹríba dáadáa. Ó ní, "Màmá, ariwo rẹ̀ kò ju ti fíríìjì lọ." Mo ní n kò ní fíríìjì ní abà. Ó ní ó dáa, kí n rò ó bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo ní ewé máa ń sinmi. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ìbéèrè mi parí sí. N kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Rájì yóò gbọ́ mi.

Rájì kò sí ní ìpàdé náà. Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n pè. Nígbà tí mo sì fi ìka wá ilé rẹ̀ nínú àwòrán, àmì ilé wà fún tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí ibi tirẹ̀ ni ibi ìkó-kòkó-sí. Mo rò pé ẹni tó ya àwòrán náà rí kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé, kò sì rí èèyàn, nítorí wọ́n ti lọ sóko. Bí kò bá sí ilé níbẹ̀ nínú ìwé yín, a jẹ́ pé kò sí etí níbẹ̀, kò sí ẹni tí fáànù lè yọ lẹ́nu. Ìdí rèé tí wọ́n fi lè gbé e sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, lọ fi ilé Rájì sínú àwòrán. Èyí nìkan ni ohun tí kò rú mi lójú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbà ní igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí àwòrán yín ló yé mi. Lórí ìwé, ìka kan lè sún fáànù sí ẹ̀yìn òkè. Bí wọ́n bá ti gbé e nàró tán pẹ̀lú irin àti kọnkéré, ta ni yóò sún un?

Ní ti ọ̀gá rẹ, sọ fún un fúnra rẹ pé ilé ìyá rẹ ni ilé tó wà nínú ìwé náà. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bó bá ní kí ẹlòmíràn wá kọ apá ibẹ̀, jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un, má bínú, ṣáà ti sọ ohun tí o mọ̀ fún ẹni náà. Má fi kún un nítorí mi. Bí àpótí bá padà wá nínú ọyẹ́, tó sì ní fáànù kò ní dí wa lọ́wọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú bàbá rẹ yóò dùn, èmi náà yóò ra fíríìjì láti mọ bó ṣe ń dún. Bó bá sì ní yóò dí wa lọ́wọ́, kọ ìyẹn náà, kódà bí ojú ọ̀gá rẹ bá yí padà. Ẹ̀rù lè bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà nítorí iṣẹ́ rẹ, n kò ní purọ́. Lóru ìjẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo fẹ́ fà á ya. Mo rò pé, kí ló kàn mí, ọmọ mi ti ríṣẹ́, kí n jẹ́ kó jẹun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ fún ọ pé ariwo wà, n kò sì fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ mi yẹn kọ́ ilé.

Máa jẹun láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Má jókòó sí ọ́fíìsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aṣọ òtútù bàbá rẹ tó o mú lọ, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, yóò súnkì.

Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, àfonífojì dákẹ́ ní àárọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni Rájì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Ìyá Táyọ̀, ilẹ̀ mọ́ o." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò lè dáhùn. Kò pẹ́ tí mo rí i tó ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó yí padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá mọ́, pé ara mi le.

Ó ní, "Tí mo bá ti pè, kí ẹ máa jẹ́. Bí ẹ bá ti jẹ́, ẹsẹ̀ mi á sinmi."

Mo ti ń jẹ́ ẹ láti ìgbà náà. Bí ẹ bá gbé àpótí wá nínú ọyẹ́, n kò ní sọ fún Ìyá Ìjọ. N kò ní gbóhùn sókè nítorí rẹ̀, n kò sì ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí Rájì bá ti pè, bí mo ṣe máa ń ṣe é ni n ó ṣe é: n ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ, n ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, n ó sì máa jẹ́ ẹ.

Èmi ni màmá rẹ.